Ta Ló Sọ Fóònù Di Dandan?

Ní ọjọ́ tí a gbé fóònù Android àkọ́kọ́ lọ fún ìyá wa ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn, wọn ò tilẹ̀ nawọ́ gbà á. Wọ́n ń wọn ẹ̀lùbọ́ fún oníbàárà lọ́wọ́. Wọ́n wọn kóńgò mẹ́ta, wọ́n bu èènì sí i, wọ́n gba owó, wọ́n nu ọwọ́ sí etí ìró, kí wọ́n tó yíjú sí wa. Wọ́n yẹ páálí rẹ̀ wò síwá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn. Wọ́n wá bi wá pé: "Kí lẹ ní kí n fi eléyìí ṣe tí èyí tó wà lọ́wọ́ mi ò lè ṣe?"

Àbúrò wa tó bá wa lọ ní kí àwa dá wọn lóhùn, ṣebí iṣẹ́ wa ni. Òótọ́ ni. Ẹ̀kọ́ nípa kọ̀ǹpútà la kà ní yunifásítì, áàpù orí fóònù la sì ń kọ tí a fi ń jẹun láti bí ọdún mẹ́wàá. Síbẹ̀, ìdáhùn tó jáde lẹ́nu wa kò ju "Màámi, ayé ti lọ síwájú" lọ. Wọ́n wò wá títí. Wọ́n ní, "Ayé lọ síwájú, ó wá ní kí èmi máa gbé fóònù tẹ̀ lé òun?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára. Láti ọjọ́ náà la ti ń wá ìdáhùn gidi sí i, torí ìyá wa nìkan kọ́ ló ń béèrè. Ó wà lẹ́nu bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ní kó lọ sórí ayélujára lọ jẹ́rìí pé òun ṣì wà láàyè. Ó wà lẹ́nu ọmọ ilé ìwé tí àwọn òbí rẹ̀ ní kò ní fọwọ́ kan fóònù títí yóò fi wọ yunifásítì. Ṣé fóònù pọn dandan lóòótọ́, àbí a kàn ń tẹ̀ lé ara wa lẹ́yìn ni?

Nígbà tí onílámèyítọ́ bá mú ìwé ìtàn àròsọ lọ́wọ́, àwọn ìbéèrè kan wà tí kì í fò. Ta ló kọ ọ́? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Èdè wo ló fi ń bá a sọ ọ́? Lójú tiwa, ó yẹ kí á bi fóònù náà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn lòun náà. Ẹnìkan ló jókòó tó ronú rẹ̀, ó sì ní irú ẹni tó rí lọ́kàn rẹ̀ pé yóò lò ó. Ẹni tí kò bá sí lọ́kàn ẹni tó ṣe é, ojú onítọ̀hún á rí nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Kí fóònù tó dé, a kì í ṣe odi. Àwọn baba ńlá wa ń pàroko. Bí owó ẹyọ méjì bá dojú kọra lórí okùn, ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ rí òun. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ó mọ̀ pé ìjà ti dé. Ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, torí pé "fà" wà nínú ẹẹ́fà. Ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé a jọ jẹ́ ọ̀kan, torí "jọ" wà nínú ẹẹ́jọ. Ẹ kíyè sí i o: inú èdè Yorùbá gan-an ni wọ́n ti yọ ọgbọ́n yìí. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè wa, bó ka owó ẹyọ náà títí ilẹ̀ fi ṣú, kò lè rí ohunkóhun kà níbẹ̀. Ibi tí àroko ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ẹsẹ̀ ìránṣẹ́ ló ń gbé e, ẹsẹ̀ sì máa ń pẹ́ lọ́nà.

NITEL tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1985 ló yẹ kó yanjú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí. Àmọ́ ilé olówó àti ọ́fíìsì ìjọba ni okùn wọn ń wọ̀. Títí di ọdún 2001, gbogbo ìlà fóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún náà, GSM bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Econet àti MTN. Náírà 50 ni wọ́n ń gba ìṣẹ́jú kan. Kó o sọ "ẹ káàárọ̀" lásán kó o sì pa á, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ti lọ. Ibi tí a ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú fíláàṣì nìyẹn: kó dún lẹ́ẹ̀kan, mo ti délé, kó dún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pè mí padà. Ẹ ò rí i pé àroko ló tún padà wá yẹn? Ọdún 2003 ni Glo dé, tó ní ìṣẹ́jú-àáyá lòun yóò máa kà, tí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í tu tálákà díẹ̀díẹ̀.

Ìyá wa kò ní fóònù ní gbogbo àsìkò yẹn. Abẹ́ agbòjò àwọn tó ń ta ìpè lẹ́bàá títì ni wọ́n ti ń pe Ṣakí, níbi tí ẹ̀lùbọ́ wọn ti ń wá. Kí àwọn alágbòjò tó dé, ọkọ̀ ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbẹ̀ láti lọ fi ojú ara wọn wò ó bóyá gbodo ti gbẹ. Ìgbà mìíràn wọ́n á dé ọ̀hún, wọ́n á rí i pé òjò ti pa á, wọ́n á padà lọ́wọ́ òfo, owó ọkọ̀ ti lọ, ọjọ́ ọjà ti lọ. Nítorí náà, nígbà tí owó àkọ́kọ́ tó tó nǹkan tẹ̀ wá lọ́wọ́ tí a ra fóònù tọ́ọ̀ṣì fún wọn, wọn ò bi wá pé kí ni àwọn fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n pe Ṣakí. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí káàdì fi tán.

A fẹ́ yin fóònù tọ́ọ̀ṣì yìí díẹ̀, torí iṣẹ́ tó dáa yẹ ní yíyìn. Nokia 1100 ló sọ orúkọ náà di ńlá. Ọdún 2003 ló jáde láti ilé iṣẹ́ àwọn ará Finland, ó sì tà ju mílíọ̀nù 250 lọ káàkiri àgbáyé. Ẹni tó ṣe é wo ibi tí iná kì í ti í sí déédéé, ó fi tọ́ọ̀ṣì sí i lórí. Ó wo ibi tí eruku pọ̀ sí, ó fi rọ́bà bo ojú bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí eruku má baà ráyè wọlé. Ẹ wo ìsọ̀ ẹ̀lùbọ́ ní Bódìjà, bí gbogbo nǹkan ṣe máa ń funfun fún ìyẹ̀fun, kí ẹ tó sọ pé nǹkan kékeré ni. Ẹni tó ṣe fóònù yìí kò mọ ìyá wa rí, àmọ́ ó ní irú wọn lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Ṣáínà tó ń ṣe Tecno àti itel. Wọ́n rí i pé a kì í fọkàn tán nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo níbí, wọ́n fi ojúlé síìmù méjì sínú fóònù kan. Ìyẹn náà, kíka ènìyàn bí ẹni ń ka ìwé ni.

Ó yẹ kí á sọ ti àwọn tó ní fóònù kò wúlò rárá. Àwọn àgbà kan ní fóònù ló ba ọmọ jẹ́, pé láyé àwọn, ọmọ máa ń jókòó gbọ́ àlọ́. Ọ̀rọ̀ wọn lóòótọ́ nínú, àmọ́ lẹ́nu ẹni tó fi fóònù gbọ́ ìròyìn láàárọ̀ tó fi wo bọ́ọ̀lù lálẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ rinlẹ̀. Àwọn míràn ní ohun tí kì í ṣe oúnjẹ, tí kì í ṣe omi, tí kì í ṣe aṣọ, kò lè pọn dandan. Èyí tún dáa díẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí à ń gbà rí oúnjẹ ń yí padà. Bí ọ̀nà oko bá gba orí afárá kọjá, tí ẹnìkan sì dúró sẹ́nu afárá tó ń gbowó, a ò lè sọ fún àgbẹ̀ pé owó afárá kì í ṣe dandan torí pé kò sí ẹni tí ń jẹ afárá.

Àwa ti rí i pé nǹkan mẹ́ta ni fóònù ń ṣe fún ọmọ ènìyàn. Ó ń mú nǹkan rọrùn, bí ìpè Ṣakí. Ó ń mú nǹkan dùn, bí àwòrán ọmọ-ọmọ tó wà lókè òkun. Ẹ̀kẹta ni pé ó ń di ìwé àṣẹ, tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá ní in kò lè kọjá. Méjì àkọ́kọ́, ẹni tó wù ló lè mú wọn, ẹni tí kò wù á fi sílẹ̀, ìjà ò sí níbẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ló yẹ kí á fẹjú mọ́ dáadáa, torí ènìyàn ló ń sọ nǹkan di ìwé àṣẹ, onítọ̀hún sì máa ń ní orúkọ àti àdírẹ́sì.

Ìjọba wà nínú wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n ní kí gbogbo síìmù so mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀, NIN, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ti ìlà pa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn máa pààrọ̀ awọ náírà 200, 500 àti 1,000. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2023, tẹrú tọmọ ń tò sẹ́nu báńkì, tí owó ń wọ́n bí ojú. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀kọ, kó fi ránṣẹ́ láti orí fóònù. Àsìkò yìí ni oníbàárà kan wá sí ìsọ̀ ìyá wa. Ó ra ẹ̀lùbọ́ ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì náírà. Ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ó na fóònù ńlá rẹ̀ sí wọn lójú. Àmì tútù yọ lójú fóònù lóòótọ́, orúkọ wọn wà níbẹ̀, iye owó wà níbẹ̀. Ìyá wa wo fóònù tọ́ọ̀ṣì tiwọn, alẹ́ẹ̀tì kò tíì wọlé. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, torí gbogbo ọjà ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n bá a gbé e sórí ọ̀kadà.

Alẹ́ẹ̀tì yẹn kò dé títí di òní. Ohun tó dun ìyá wa jù nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe owó. Wọ́n ní: "Òun ní ohun tó fi jẹ́rìí, èmi ò ní." Oníbàárà mú ẹlẹ́rìí tirẹ̀ wá sọ́jà, ẹlẹ́rìí náà ń tàn yanranyanran, wọn ò sì ní ohun tí wọ́n lè fi bi í léèrè ọ̀rọ̀.

A ní kí wọ́n jẹ́ kí á ra Android ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní owó á padà sígboro, pé ìjọba ò lè pa ọjà. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí padà. Ìyá wa borí wa nínú àríyànjiyàn yẹn.

Kí ló wá dé tí a tún fi gbé Android lọ fún wọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa fúnra wa, a ò sì ní fi bọpo bọyọ̀.

Ilé iṣẹ́ tí à ń bá ṣiṣẹ́ ní ètò àjọ kan tí àwọn oníṣòwò kéékèèké fi ń dá owó lójoojúmọ́. Ọ̀nà méjì la là sílẹ̀ láti lò ó. Èkíní ni áàpù orí fóònù ńlá. Èkejì ni nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú star tó sì ń parí pẹ̀lú hash, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní USSD. USSD kò nílò dátà, kò nílò Android. Ojú ọ̀nà kan náà tí fóònù fi ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ ló ń gbà, ìdí nìyẹn tí fóònù tọ́ọ̀ṣì fi lè lò ó. Kò rẹwà. Lẹ́tà 182 péré ló lè gbà lójú ẹ̀ẹ̀kan. Ó tún máa ń já mọ́ni lẹ́nu: kí àgbàlagbà tó wá dígí ìríran rẹ̀ jáde nínú báàgì, ó ti pa, yóò tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, ìyá wa mọ̀ ọ́n lò. Àwa fúnra wa la kọ́ wọn. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn ará ìsọ̀ wọn pé "nọ́ńbà tí ọmọ mi ṣe nìyí."

Ní ọjọ́ kan, a ṣe ìpàdé. Wọ́n gbé ìṣirò kalẹ̀. Owó tí a ń ná láti gbé nọ́ńbà náà dúró kò kéré, àwọn tó ń lò ó sì ń dín kù. Ẹnìkan ní, "Gbogbo ènìyàn ló ti ní smartphone báyìí." Kò sí ẹni tó bi í pé gbogbo ènìyàn wo. Àwa náà wà ní ìjókòó, a ti jẹun ọ̀sán, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí wa lára, a mi orí. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, nọ́ńbà yẹn kú.

Ìyá wa tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Wọ́n rò pé káàdì ló tán. Wọ́n ra káàdì, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n pè wá pé owó àjọ àwọn ti há sínú fóònù. Kí a tó débẹ̀, ọmọ aládùúgbò kan ti ń bá wọn fi fóònù tirẹ̀ wọlé, ìyá wa sì ti ń ka nọ́ńbà àṣírí wọn sókè ketekete láàárín ọjà kó lè gbọ́. Kíá la sáré ra Android.

Ẹ wá padà sí ìbéèrè tí wọ́n bi wá ní Bódìjà: kí ni eléyìí lè ṣe tí èyí tó wà lọ́wọ́ wọn kò lè ṣe? Ìdáhùn tó tọ́ ni pé èyí tó wà lọ́wọ́ wọn lè ṣe é tẹ́lẹ̀. Àwa la gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tí kì í ṣe irú iṣẹ́ wa lè máà mọ bí ó ti rọrùn tó láti ti ènìyàn sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nínú áàpù Android kọ̀ọ̀kan, ìlà kan wà tí wọ́n ń pè ní minSdkVersion. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 21, ẹni tí fóònù rẹ̀ ń lo Android 5.0 lè wọlé. Bí a bá sọ ọ́ di 24, Android 7.0 ló kéré jù tí áàpù náà yóò gbà, fóònù tó bá ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní rí áàpù tuntun gbà mọ́. A máa ń yí nọ́ńbà yìí torí pé iṣẹ́ á rọrùn fún wa, ìdí gidi sì wà nígbà mìíràn, pàápàá ní ti ààbò. Àmọ́ ìṣẹ́jú kan ló ń gbà. Kò sí ẹni tó ń rí ojú ìyá arúgbó kankan nígbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ní "fóònù ti di dandan", bí ẹni pé òjò ló rọ̀ ọ́ sílẹ̀, a máa ń rántí ìlà yẹn.

Ó ku ìbéèrè ti èdè, ibẹ̀ ni a ti fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún Android, torí kò dáa kí á rí ẹ̀bi nìkan.

Àtẹ̀jíṣẹ́ SMS kan ń gba lẹ́tà 160. Ṣùgbọ́n inú àtẹ lẹ́tà kan tí àwọn ará Yúróòpù tó gbé GSM kalẹ̀ tò sílẹ̀ ni 160 yìí ti ń ṣiṣẹ́. A yẹ àtẹ náà wò. Lẹ́tà à, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀, torí wọ́n ro ti èdè tiwọn bí Ìtálì àti Faransé. Lẹ́tà á kò sí. Í, ó àti ú kò sí. Ẹ, ọ àti ṣ kò tilẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Bí ẹyọ kan péré nínú àwọn tí kò sí yìí bá wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ, fóònù á ṣí gbogbo rẹ̀ lọ sínú àtẹ míràn, 160 á sì di 70 lójú ẹsẹ̀. Ó tún kù. Ẹ̀ àti ọ́ kò ní ààyè tiwọn gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, àkópọ̀ lẹ́tà àti àmì ohùn ni ẹ̀rọ kà wọ́n sí. "Ẹ̀lùbọ́" jẹ́ lẹ́tà márùn-ún lójú tiwa, ẹ̀rọ ka méje. Ọ̀rọ̀ tó gùn tó 150, tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan ì bá gbé, yóò di mẹ́ta bí a bá kọ ọ́ bó ṣe yẹ ní Yorùbá. Owó mẹ́ta lo máa san. Nítorí náà, tí olùkọ́ bá ń bú àwọn ọmọ pé wọ́n ya ọ̀lẹ, wọn ò fàmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, kó rántí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá fàmì sí i.

Ohun tí a fi jìyà rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó wà ní Manchester wá sílé lọ́dún kan. Nígbà tó wọkọ̀ l'Ékòó, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá wa pé: "oko ti gbera." Ọkọ̀ ló ní lọ́kàn. Ìyá wa ka ọkọ. Wọ́n ti mọ̀ pé ọmọ àwọn ń bọ̀, wọn ò mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ náà ń bọ̀. Wọ́n pa adìẹ kejì, wọ́n gún iyán kún iyán, wọ́n yá àga olówó lọ́wọ́ aládùúgbò, wọ́n ń retí àna tó wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Manchester.

Lórí WhatsApp, kò sí 70. Ojú ọ̀nà dátà ni ọ̀rọ̀ ń gbà, o lè fàmì sí i títí ọwọ́ á fi ro ọ́. Kíbọ́ọ̀dù Gboard ti Google gbọ́ Yorùbá báyìí. Àwọn ọmọ wa náà kò jókòó tẹtẹrẹ. Ètò YorubaName tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ fi kíbọ́ọ̀dù ìfàmìsóhùn fún kọ̀ǹpútà síta lọ́fẹ̀ẹ́. Àtúnṣe gidi ni èyí jẹ́, orí fóònù ńlá àti kọ̀ǹpútà ló sì ti wá.

Àmọ́ ohun tí ìyá wa fẹ́ràn jù nínú Android wọn kò ní lẹ́tà kankan nínú. Fọ́ìsì nóòtù ni. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ ara wọn, "Èmi ni o, ìyá yín," bí ẹni pé a ò rí orúkọ wọn lójú fóònù. Wọ́n á kí wa fún àsìkò, fún iṣẹ́, fún òtútù ibi tí a wà. Wọ́n á dákẹ́ díẹ̀ kí á lè dáhùn, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé a ò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ gan-an, ẹnu ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ju ìṣẹ́jú kan lọ. Wọ́n á wá fi àdúrà dí i, wọ́n á tún dákẹ́ níbẹ̀ fún àmín. Àwọn ọ̀rẹ́ wa oníṣẹ́ máa ń sọ pé fọ́ìsì nóòtù àwọn àgbà ti gùn jù. A ti gbọ́ ti ìyá wa ní àgbọ́túngbọ́, a ò rí ibi tí a lè gé. Bí ọmọ Yorùbá ṣe ń wọlé sí ọ̀rọ̀ nìyẹn, tó sì ń jáde kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ṣe bọ́tìnnì náà kò rò ó bẹ́ẹ̀, ìyá wa ló gbé e kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tó sọ ọ́ di tiwọn. Oríkì tí wọ́n kì fún ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ní Manchester, ọmọ ọdún mẹ́fà náà ń tún un gbọ́ kó tó sùn. Kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Àmọ́ tó bá ti dé ibi tí ìyá wa dákẹ́ sí fún àmín, á ní, "Àmín."

Nítorí náà, tí wọ́n bá bi wá bóyá ó dáa kí ènìyàn ní smartphone, a ó ní ó dáa. A ó kìlọ̀ pé dátà wọ́n, pé irọ́ pọ̀ lórí WhatsApp, pé ìyá wa ti fi àgbo mẹ́ta tó ń wo gbogbo àrùn ránṣẹ́ sí wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tí wọ́n bá bi wá bóyá ó pọn dandan, a ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹni tó ní ó pọn dandan fún wa, àti ohun tí onítọ̀hún fi ń jèrè níbẹ̀. Báńkì tó bá ti ẹ̀ka rẹ̀ pa tó ní áàpù ló kù, ilé ìwé tó bá gbé èsì ìdánwò sórí ayélujára nìkan, àwa tí a mi orí nínú ìpàdé, àwa gbogbo la ní ẹjọ́ í rò. Ohun tó bá wu ni kì í ṣe gbèsè lọ́rùn ẹni tí kò wù.

Fóònù méjì ni ìyá wa ń lò báyìí. Tọ́ọ̀ṣì wà ní etí ìró, òun ni ti Ṣakí àti ti ọ̀nà ilé lálẹ́. Android wà nínú ọ̀rá nítorí ìyẹ̀fun, inú àpótí owó ni wọ́n ń tì í mọ́, wọ́n máa ń pa dátà rẹ̀ bí ẹni ń pa iná kí owó iná má baà pọ̀. Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi áàpù yẹ owó wò kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Kò sí ẹni tó tún lè mú ẹlẹ́rìí èké wá bá wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fọ́ìsì nóòtù kan wọlé. Lẹ́yìn ìkíni, wọ́n ní ìyá aláta tó wà ní ìsọ̀ kejì sí tiwọn kò ní ọmọ tó lè ra Android fún un, owó àjọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ ọmọ ẹlòmíràn ló ṣì ń bọ̀ sí. Wọ́n ní, "Nọ́ńbà tí ẹ pa yẹn, ṣé ẹ ò lè jí i padà ni?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

A ti gbé e dé ìpàdé ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní àwọn á wò ó. A ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwa la béèrè rẹ̀, a ó sì tún béèrè ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.